Ọwọ́ Ọ̀tún Ọkọ Mi àti Pátákó Tó Ń Ka Ọjọ́

Sharpstown, Houston
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀

Fọlákẹ́ mi, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó tó mi í pè ní ogún,

O kú iṣẹ́ tuntun, o kú ìrìn àná, o sì kú ìbínú. Má rò pé n kò rí i. Mo rí bí o ṣe gbá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ mú lórí tábìlì, tí o ní, "Mummy, mo ń lọ o, traffic," nígbà tó jẹ́ pé ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, tí èèyàn lè tẹ́ ẹní sójú freeway kó sì sùn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọkọ̀ rẹ fi yí kọ́nà. Lẹ́yìn náà ni mo padà wọlé wá gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kọ sí ọ yìí.

Ìyá rẹ kì í kọ lẹ́tà, o mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ju ohun tí àtàǹpàkò lè tẹ̀ sínú fóònù lọ. Bí o bá rí i pé lẹ́tà mi wọ́, pé mo ń fò láti orí ọ̀rọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, ayọ̀ ló fà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo ti di ìyàwó, Fọlákẹ́! Èmi, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, tí mo ti di opó fún ọdún mẹ́rìnlá, tí mo ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọkọ mi ni iṣẹ́ mi, pé iṣẹ́ mi náà sì ni ọkọ mi. Láàárọ̀ yìí mo jí, mo gbọ́ tí ẹnìkan ń wúkọ́ nínú ilé ìdáná, àyà mi já, kí n tó rántí pé ọkọ mi ni. Jẹ́ kí n tún un kọ: ọkọ mi. Ó ti bẹ̀ mí pé kí n má pe òun ní "ẹ" mọ́, ó ní ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kó tó tún gbéyàwó kò ráyè "ẹ". Nítorí náà, bí o bá ka "ó" níbi tó yẹ kí o ka "wọ́n", má bínú. Ìwọ ṣáà máa wí "wọ́n" ní tìrẹ.

Ó dára. Ọ̀rọ̀ àná.

O wá bá wa ṣe àjọyọ̀ iṣẹ́ tuntun tí o rí ní àdúgbò Energy Corridor. A jẹun tán, o ṣí kọ̀ǹpútà rẹ, o fi áàpù tí ẹ ń ṣe hàn wá, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ epo àti kẹ́míkà lápá Deer Park yóò máa lò. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú ikọ̀ kan kò bá fara pa, nọ́ńbà ikọ̀ náà á gòkè, iná aláràbarà á tàn, wọ́n á yọ sókè ju àwọn ikọ̀ yòókù lọ. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá ròyìn pé òun fara pa, nọ́ńbà gbogbo ikọ̀ á já sí òdo. Ikọ̀ tó bá pé ọdún kan á gba ẹ̀bùn. Ojú rẹ ń dán bí o ṣe ń sọ ọ́. O ní, "Mummy, bíi gémù ló máa rí fún wọn! Wọ́n á fẹ́ràn ẹ̀." O ní Ọjọ́bọ̀ ni o máa gbé e síwájú àwọn ọ̀gá rẹ. Mo pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi gbóná.

Ọkọ mi kò pàtẹ́wọ́. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó gbé báàgì kan jáde, ó sì nà án sí ọ lórí tábìlì. Ó ní, "Gbà, ọmọ mi. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ lọ wo ibi tí wọ́n ti máa lo iṣẹ́ rẹ, wàá nílò rẹ̀." O kò wo báàgì. Ọwọ́ tó fi nà án ni o wò. O ní, "Ẹ gbé e síbẹ̀, sà." Ó gbé e síbẹ̀. Ìwọ wá tẹ̀ lé mi wọ ilé ìdáná, o ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ tí gbogbo apartment gbọ́:

"Mummy, ọwọ́ òsì! Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi fún mi ní nǹkan! Ṣebí ẹ̀yin lẹ gbá mi lọ́wọ́ títí mo fi mọ̀ pé àbùkù ni?"

"Fọlákẹ́, rọra."

"Wọn ò fẹ́ràn mi. Wọn ò fẹ́ràn iṣẹ́ mi. Wọn ò tiẹ̀ pàtẹ́wọ́."

Lóòótọ́ ni, èmi ni mo kọ́ ọ. Mo kọ́ ọ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Nítorí náà n kò ní bá ọ wí lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kó tó di Ọjọ́bọ̀, mo fẹ́ kí o mọ ìdí tó fi lo ọwọ́ òsì, àti ìdí tí kò fi pàtẹ́wọ́. Ìdí kan náà ni.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú àkísà tèmi sílẹ̀. Ṣebí wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. N kò sì ní to ìmọ̀ràn mi ní ẹ̀kíní, ẹ̀kejì, bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe nínú lẹ́tà tirẹ̀. Nọ́ńbà gan-an ló kó wa sí ọ̀ràn yìí.

Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé girama ní Ìjẹ̀bú, èmi ni olórí họ́sítẹ̀lì wa. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, ọ̀gá ilé ìwé máa ń yẹ àwọn họ́sítẹ̀lì wò, èyí tó bá mọ́ jù ni wọn yóò fún ní àsíá aláwọ̀ ewé kan tí a ó gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà fún ọ̀sẹ̀ kan. Fọlákẹ́, mo fẹ́ràn àsíá yẹn ju oúnjẹ lọ. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí mo ṣe? Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti máa ń ti ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pa. Bí ẹnikẹ́ni kò bá lò ó, báwo ló ṣe máa dọ̀tí? Igbó ẹ̀yìn ilé ni gbogbo wa ń lọ. Ọ̀gá á ṣílẹ̀kùn, á fa imú, á ní, "Ẹ wo bó ṣe ń dán! Àwọn ọmọ yìí mọ́ tónítóní." Àwa á tò sójú ìlà, a ó máa rẹ́rìn-ín músẹ́, inú á sì máa run àwọn mìíràn nínú wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà léraléra la gba àsíá.

Ní Sátidé keje, àkeekèé ta ọmọ kan tó ń jẹ́ Ṣadé nínú igbó yẹn. Ó tiro wá bá mi, omijé lójú. "Sísítà Àdùkẹ́, nǹkan ta mí o." Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo wo ọ̀nà, mo rí ọ̀gá tó ń bọ̀. Mo ní, "Jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, fi aṣọ bò ó. Jẹ́ kí wọ́n fún wa ní àsíá ná."

Ó jókòó. A gba àsíá. Nígbà tí mátírọ́ọ̀nù máa fi rí ẹsẹ̀ náà, ó ti wú bí iṣu. Ṣadé yè, a dúpẹ́. Òun ni obìnrin tó fi fídíò kí wa láti ilé lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tó ṣàdúrà tán tó wá ní, "Sísítà, ṣé ẹ ti ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀?" Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń rín. O bi mí nígbà náà, mo ní kì í ṣe nǹkan kan. Ohun tó jẹ́ nìyẹn. Àsíá kò mọ̀ bóyá ilé mọ́, ọmọ mi. Ohun tí wọ́n bá fi han ọ̀gá nìkan ni àsíá mọ̀.

O máa rò pé mo gbọ́n lẹ́yìn ìyẹn. N kò gbọ́n. Nígbà tí a dé Houston, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́, ẹ̀rù ń bà mí pé Yorùbá máa bọ́ lẹ́nu rẹ. Mo ra ìràwọ̀ wúrà alẹ̀mọ́, mo ní ojú ewé kan tí o bá kà nínú ìwé Yorùbá, ìràwọ̀ kan lára fíríìjì. Bó bá pé mẹ́wàá, a ó lọ sí mall lọ lá áísìkiriìmù. Àbẹ̀kẹ́, o kàwé bí ẹni tí ajá ń lé! Fíríìjì wa tàn bí ọ̀run. Lọ́jọ́ kan mo bi ọ́ pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìjàpá nínú ìtàn yẹn?" O wò mí. O ní, "Mummy, ṣé mo gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ọ ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo lẹ ìràwọ̀ rẹ mọ́ ọn. Ọjọ́ tí ìràwọ̀ tán, tí mo gbàgbé láti ra òmíràn, ọjọ́ yẹn ni Yorùbá kíkà parí nínú ilé wa. Ohun tó dá ọ padà sórí rẹ̀ ni lẹ́tà tí màmá àgbà kọ sí mi, tí o rí orúkọ ara rẹ nínú rẹ̀, tí o fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ. O jókòó ti lẹ́tà yẹn fún ọjọ́ méjì gbáko. Òfófó ló kọ́ ọ ní Yorùbá, kì í ṣe ìràwọ̀.

Ìràwọ̀ tèmi náà wá dé. O rántí ọdún tí mo ń wa ọkọ̀ gbé oúnjẹ kiri fún áàpù yẹn. Ẹni tó gba oúnjẹ á fún mi ní ìràwọ̀, ìràwọ̀ á sọ mí di Fàdákà, Fàdákà á sọ mí di Wúrà. Lọ́jọ́ tí ilé ìwé rẹ fẹ́ fún ọ ní ẹ̀bùn sáyẹ́ǹsì, mo ti wọ aṣọ tán nínú ọkọ̀, mo ti wé gèlè, fóònù wá dún: "Àdùkẹ́, ó ku méjì péré kí o di Wúrà!" Mo ní méjì kì í ṣe nǹkan. Ẹnìkan ní Bellaire pàṣẹ ìrẹsì, òmíràn pàṣẹ píìsà. Nígbà tí mo dé ilé ìwé, wọ́n ti ń to àga léra. Ìwọ nìkan lo jókòó sí etí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, o gbé àwo ẹ̀bùn lé orókún.

O ní, "Ó ti parí, Mummy."

Kí ni èmi fi dá ọ lóhùn? Mo ní, "Fọlákẹ́, mo ti di Wúrà!"

O wò mí. O ní, "Congratulations."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ṣì wà nínú egungun mi. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba Wúrà náà padà nítorí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀bùn sáyẹ́ǹsì rẹ ṣì wà lórí pẹpẹ mi níbí. N kò rí i nígbà tí wọ́n ń gbé e fún ọ. Dárí jì mí. N kò tíì fi ẹnu mi bẹ̀ ọ́ lórí rẹ̀ rí, mo ń fi lẹ́tà yìí bẹ̀ ọ́.

Ó yẹ kí n ti já ara mi gbà. Ṣùgbọ́n o mọ áàpù Bíbélì tí mo máa ń lò, èyí tó ní iná kékeré kan tó ń ka iye ọjọ́ tí mo fi kà á léraléra. Iná mi ti lé ní igba ọjọ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, a wà níwájú pẹpẹ, pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé wa lórí, àdúrà ń lọ ràì, mo wá rántí pé n kò tíì kà á lọ́jọ́ náà! Mo fi òdòdó ọwọ́ mi bo fóònù, mo ń wá ibi tí mo máa tẹ̀.

Ọkọ mi la ojú kan. "Àdùkẹ́, kí lò ń wá?"

Mo ní, "Iná mi ló fẹ́ kú."

"Iná wo?"

"Ti Bíbélì."

Ó wo òdòdó ọwọ́ mi. Ó wá ní, "Ṣé Ọlọ́run ló ń ka ọjọ́ yẹn ni, àbí fóònù?"

Ẹ̀rín bú sí mi nínú, èjìká mi ń mì. Ìwọ tó jókòó níwájú rò pé mò ń sunkún, o sáré gbé áńkáṣìfù wá. Kì í ṣe ẹkún o! Mo jẹ́ kí iná yẹn kú lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti ọkọ mi ka ẹsẹ kan ṣoṣo nínú Sáàmù, a sì jiyàn lórí rẹ̀ títí tíì wa fi tutù. Ó ti pẹ́ tí Bíbélì ti dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ojú mi ti là, mò ń rí i káàkiri. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín oníná tí o rà fún mi ń fi àwòrán ẹ̀rín músẹ́ hàn mí bí mo bá pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ilé oògùn ń fún mi ní póíǹtì nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru mi, bí ẹni pé mo gba ipò kìíní. Aago ọwọ́ rẹ sọ fún ọ lánàá pé kí o dìde rìn, o sì dìde láàárín ọ̀rọ̀ tí mò ń bá ọ sọ. Àwọn oníńṣọ́ọ̀ránsì ọkọ̀ mi fi nǹkan sínú fóònù mi tó ń fún mi ní máàkì. Bí mo bá tẹ bíréèkì lójijì, máàkì á wálẹ̀. Lọ́jọ́ kan iná yẹ́lò ń di pupa lójú mi, ó yẹ kí n tẹ bíréèkì, mo rántí máàkì mi, mo sì sáré kọjá. Ọkọ̀ akẹ́rù kan fun fèrè mọ́ mi débi pé mo pariwo Jésù. Ohun tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ mi kó má bàa sí ewu ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí yẹn.

N kò sọ pé eré kò dára. Bí èèyàn méjì bá ń ta ayò, wọ́n mọ̀ pé ayò ni àwọn ń ta. Bó bá parí, wọ́n á kó ọmọ ayò sápò, wọ́n á lọ jẹun. Eré tí kò sọ fún ọ pé eré ni òun, tí kò sì ní ìparí, òun ni kí o máa wò lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá di ọ̀rọ̀ nọ́ńbà, máa rántí pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Mo ti dé ibi tí mò ń lọ wàyí. Jọ̀wọ́, jókòó bí o bá wà lórí ìdúró.

O mọ̀ pé ọdún púpọ̀ ni ọkọ mi fi ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan ní Deer Park kó tó fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìka méjì níbẹ̀ kì í tẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kì í mọ gbígbóná. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ki ọwọ́ náà sápò, tí o fi sọ fún mi pé ó ń gbéra ga. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra, ó sọ fún mi pé epo gbígbóná ló jó òun níbi tí òun ti ń dín dòdò. Mo gbà á gbọ́. Mo tilẹ̀ sọ ọ́ di eré, mò ń pè é ní "Ẹni Dòdò", mo ní kó má sún mọ́ ìdí ààrò mi. Gbogbo ìgbà ló máa ń bá mi rẹ́rìn-ín.

Lánàá, lẹ́yìn tí o lọ, mo bá a lórí àga tí o dìde kúrò lórí rẹ̀, báàgì náà wà níwájú rẹ̀. Mo fẹ́ bá a jà nítorí ọwọ́ òsì. Ó ní, "Àdùkẹ́, jókòó. N kò dín dòdò rí láyé mi."

Ó ní pátákó ńlá kan wà lẹ́nu géètì iléeṣẹ́ wọn, ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ gan-an, àfi pé igi ni. Ó ń ka iye ọjọ́ tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ti lò láìsí ìfarapa. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ikọ̀ tirẹ̀ pé ọdún kan. Jákẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀bùn wọn, pẹ̀lú ẹran sísun fún gbogbo ikọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ooru omi gbígbóná já jáde níbi oríkèé páìpù kan, ó sì gba inú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ wọlé.

Mo ní, "Ta ló ní kí o dákẹ́?"

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ní kí n dákẹ́. Àwọn méjì tó wà níbẹ̀ kàn wo ìhà ibi tí pátákó wà ni. Èmi náà wò ó. Mo wọ ìbọ̀wọ́ mi padà."

Ó fi ọwọ́ jíjó ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú, ó sì padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tó lọ rí dókítà, ọ̀rọ̀ dòdò ló sọ fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n pín jákẹ́ẹ̀tì, òun nìkan ni kò lè fa síìpù tirẹ̀. Ẹlòmíràn ló bá a fà á. Wọ́n ya fọ́tò. Ó fi hàn mí lánàá. Gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ wà lápò.

Èyí tó burú jù nìyí, Fọlákẹ́. Bó ṣe dákẹ́ nípa ọwọ́, ó dákẹ́ nípa páìpù náà. Báwo ni yóò ṣe ròyìn páìpù tí kò ní ròyìn ọwọ́? Lẹ́yìn oṣù kan, páìpù yẹn já pátápátá sójú ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ramón. Ramón ni ọkùnrin tó wọ jígí dúdú nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, tí o rọra sọ fún mi pé, "Mummy, ẹ wo ẹni tó ń ṣe bí olórin." Ojú kan ló kù fún un. Nígbà tí ọkọ mi lọ jẹ́wọ́ fún un nílé ìwòsàn, Ramón ní, "Ọ̀rẹ́, kókósẹ̀ mi fọ́ lọ́dún tó kọjá, mo ní orí àtẹ̀gùn ilé ni mo ti ṣubú." Gbogbo wọn ni. Pátákó ń ka ọjọ́ tí kò sí ìfarapa, ìfarapa sì wà nínú ìbọ̀wọ́ àti inú bàtà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ti ẹlòmíràn náà á sì bá a dákẹ́.

Ọkọ mi sọ ọ́ tán, ó sunkún. Èmi náà rántí Ṣadé lórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ lórí ẹsẹ̀. Ohun tí pátákó ṣe fún un kọ́ ló dùn mí jù, bí kò ṣe bí mo ṣe ń pè é ní Ẹni Dòdò.

Mo ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún ọmọ náà?"

Ó ní, "Ojú rẹ̀ ń dán. N kò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa pa iná yẹn lójú rẹ̀, nígbà tí kò tíì tiẹ̀ mọ̀ mí dáadáa. Ìwọ ni kó o sọ fún un. Kọ ọ́."

Mo ti kọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́, n kò mọ iṣẹ́ yín. Ilé ìwé girama ni mo kà mọ. Mo mọ̀ pé ọkàn tó dára lo fi ṣe é, nítorí o kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara pa. Ṣùgbọ́n bó o bá sọ ìfarapa di ohun tó ń já ikọ̀ sí òdo, o kò ní dín in kù, ìbọ̀wọ́ ni o máa fi bò ó. Mo bi ọkọ mi pé bó bá jẹ́ òun ni ìwọ, kí ni òun á máa kà. Kò rò ó pẹ́. Ó ní, "Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ ka nǹkan, kí wọ́n ka páìpù tí ẹnìkan ròyìn tí wọ́n sì tún ṣe. Kí wọ́n má fi ara èèyàn ta ayò." Ó tún ní kí o lọ bi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí o tó gbé e síwájú ọ̀gá. Bóyá inú àwọn ọ̀gá rẹ kò ní dùn. Ọ̀sẹ̀ kejì rẹ lẹ́nu iṣẹ́ nìyí, mo mọ̀ pé kò rọrùn láti dìde kí o ní ohun tí mo ṣe kò tíì dára. Ṣùgbọ́n ó rọrùn ju ohun tí ọkọ mi ń gbé kiri nínú àpò lọ. Bí wọ́n bá bínú, wá sílé. Yàrá rẹ ṣì wà, ọbẹ̀ sì wà nínú fíríìsà.

Ọkọ mi ló máa fi lẹ́tà yìí sínú àpótí rẹ lọ́sàn-án òní. Wá jẹun lọ́dọ̀ wa ní Ọjọ́rú lẹ́yìn iṣẹ́. Yóò sọ ìyókù fún ọ fúnra rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó ní òun fẹ́ dín dòdò fún ìgbà àkọ́kọ́. Èmi á dúró tì í.

Báàgì náà ṣì wà lórí tábìlì níbi tí o ní kó gbé e sí. Mo ti yọjú wò ó. Fìlà líle funfun ni, irú èyí tí wọ́n ń dé ní iléeṣẹ́, ó sì kọ orúkọ rẹ síwájú rẹ̀ ní dúdú: Fọlákẹ́, àmì ohùn pé, àmì ìsàlẹ̀ pé. Ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ ọ́, mo rò pé owó orí ló ń ṣírò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀wọ̀ tó wà nínú ọwọ́ òsì yẹn, n kò mọ ọwọ́ ọ̀tún tó ní i.

Ní Ọjọ́rú, yóò tún nà án sí ọ. Ọwọ́ òsì náà ni yóò fi nà án, nítorí òun ló kù tó lè di nǹkan mú.

Kúnlẹ̀, ọmọ mi, kí o sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò tíì gbàgbé àga tí wọ́n tò léra,
Àdùkẹ́, ìyàwó tuntun